Ta Ló Ni Merida?

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́ta la fún ara wa mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, tí à ń wo Elio lórí laptop. Iná ti lọ láti aago mẹ́fà, bátìrì ń lọ sílẹ̀, a sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má kú kí fíìmù tó parí. Kò kú. Bí fíìmù ṣe parí, ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ka nǹkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ mọ̀ pé èyí tí a wò yìí kọ́ ni fíìmù gan-an? Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e gùn ju fíìmù náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn yàrá kejì kan ògiri fún wa. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ yẹn, pé èyí tí a wò kọ́ ni fíìmù gan-an, ni mo fẹ́ dá lóhùn níbí, torí pé lálẹ́ ọjọ́ náà mi ò rí èsì gidi fún un. Mo kàn ń pariwo ni.

Ohun tó kà kì í ṣe àhesọ lásán. Adrian Molina, tó bá Lee Unkrich ṣe Coco, ni ilé-iṣẹ́ Pixar kọ́kọ́ fi Elio lé lọ́wọ́, ìgbà èwe tirẹ̀ sì wà lára ohun tó bí ìtàn náà. Ní 2024 ni aráyé tó gbọ́ pé Madeline Sharafian àti Domee Shi ló ń darí rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ìyá ọmọ náà tẹ́lẹ̀ di àǹtí rẹ̀. America Ferrera tó ń fọhùn fún obìnrin náà kúrò, Zoe Saldaña bọ́ sípò rẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde lóṣù Òkúdu ọdún 2025, nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 dọ́là ló pa ní Amẹ́ríkà lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sí fíìmù Pixar kankan tó bẹ̀rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn kan tó ti bá Pixar ṣiṣẹ́ sọ fún ìwé ìròyìn The Hollywood Reporter pé nínú Elio ti Molina, àwọn àmì kan wà tó fi hàn pé ọkàn ọmọ náà lè máa fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, àti pé wọ́n ti yọ àwọn àmì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù rí kà, tí inú wọn fi ru. Àwọn kan ní àwọn ò ní wò ó. Àwọn tó ti wò ó ní kí wọ́n dá ti Molina padà.

Ẹ jẹ́ ká fi Elio sílẹ̀ ná. Ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, àwọn tọ́rọ̀ kàn gan-an ò sì tíì sọ tẹnu wọn tán. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan náà rí, ó sì ti pẹ́ tó báyìí tí ènìyàn fi lè rí ìdí rẹ̀. Fíìmù Brave ni mò ń sọ.

Púpọ̀ nínú wa ló ti mọ iṣẹ́ Brenda Chapman láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àǹtí sọ́ńdè sùkúù gbé tẹlifíṣọ̀n sáàárín yín lọ́jọ́ kan tó ní kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ The Prince of Egypt lẹ wò, èyí tí Mósè ti la Òkun Pupa kọjá tí ẹja ńlá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ògiri omi. Obìnrin yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó darí ẹ̀ ní 1998. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun ni olórí àwọn tó fi àwòrán to ìtàn The Lion King, tó jáde ní 1994. Ní 2003 ló dé Pixar.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló fún un ní ìtàn tó gbé débẹ̀. Ọmọ náà lórí kunkun, ìyá náà ò sì rọrùn, ìjà wọn ni Chapman mú lọ sí Scotland ayé àtijọ́. The Bear and the Bow ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Merida, ọmọ ọba onírun pupa, kò fẹ́ ju kó gun ẹṣin kó sì ta ọfà lọ. Elinor ìyá rẹ̀ fẹ́ kó rìn bí ọmọ ọba, kó jẹun bí ọmọ ọba, kó sì fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjòyè mẹ́ta tó wá tọrọ rẹ̀. Ọmọ náà lọ bá àjẹ́ kan pé kó bá òun yí ìyá òun lọ́kàn padà. Ìyá náà bá yí padà di béárì. Bí ìyá Yorùbá bá ti bi yín rí pé "ṣé bí wàá ṣe máa jókòó nílé ọkọ nìyẹn?", ẹ ó rí i pé ilẹ̀ Scotland yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílé.

Fíìmù mẹ́tàlá ni Pixar ti ṣe nígbà tí a bá ka Brave mọ́ ọn, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin jẹ́ ẹni tí ìtàn dá lé. Chapman náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fíìmù gígùn lé lọ́wọ́ níbẹ̀. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, nígbà tí iṣẹ́ ti jìnnà, wọ́n mú un kúrò, wọ́n sì fi Mark Andrews sí i. Àlàyé tó jáde síta ni pé èrò ò bára mu lórí iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹni tó bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ rí ló mọ bí irú gbólóhùn yẹn ṣe máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ tó.

Mo ní láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nínú fíìmù tí ènìyàn ń ṣe níwájú kámẹ́rà, bí olùdarí bá lọ, àwọn àwòrán tó ti yà ṣì wà níbẹ̀, a lè tọ́ka sí wọn. Fíìmù kátúùnù kì í rí bẹ́ẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan, àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á tò wọ́n tẹ̀léra, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á fi ohùn ara wọn sí i fúngbà díẹ̀, wọ́n á wá jókòó wò ó. Àwọn olùdarí yòókù á sọ ibi tó ń sú wọn àti ibi tí ò yé wọn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á tún wo òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ télọ̀ ló rí: wọ́n ti gé aṣọ náà, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n ti tú u, wọ́n sì tún un gé, kẹ́ni tó ni ayẹyẹ tó rí i lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Toy Story 2 tí gbogbo wa fẹ́ràn, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ kó tó jáde ní 1999.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò sí Brave ti Chapman kankan nínú àpótí níbì kan tí wọ́n tì mọ́lẹ̀. Ohun tó wà ni ọ̀pọ̀ àwòrán, ọ̀pọ̀ ìpàdé, àti fíìmù kan tó wà lọ́kàn obìnrin kan.

Inú bí àwọn olólùfẹ́ Pixar nígbà tí ìròyìn náà jáde, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti ń gbé fíìmù jáde, nǹkan ìṣeré ọkùnrin, ẹja ọkùnrin, mọ́tò ọkùnrin, eku ọkùnrin. Nígbà tó wá kan ọmọbìnrin, tí wọ́n sì wá rí obìnrin tí yóò sọ ìtàn náà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọkùnrin. Àwọn mìíràn sì fèsì pé Pixar mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé wọ́n ti yọ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ náà rí, pé kí gbogbo wa ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù títí dé oṣù Òkúdu ọdún 2012.

Ìgbà tí fíìmù náà wá jáde ni ìṣòro tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ jókòó, wọ́n sì ń pín fíìmù náà bí ogún. Ibi tí ìyá àti ọmọ ti ń pẹja nínú odò, ti Chapman ni. Ibi tí àwọn ìjòyè ti ń jìjàkadì nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì wá ń rìn láìsí aṣọ nídìí, ti Andrews ni. Aṣọ ọnà tí Merida fi idà ya sí méjì láàárín òun àti ìyá rẹ̀, ti Chapman. Àwàdà àjẹ́ tó fi ìkòkò rẹ̀ dáhùn bí ẹ̀rọ tẹlifóònù, ti Andrews. Ohun tó bá dára, tìyá ni; ohun tó bá burú, ti bàbá onísìn ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìpín yìí? Chapman ti kọ eré tó ní àwàdà rí. Andrews náà ní ìyá.

Mo ti wo Brave tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi: ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ dára débi pé ó máa ń ká mi lára, ìdajì kejì sì ń sáré bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjòyè mẹ́ta yẹn kì í ṣe ènìyàn rárá, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n. Ó rí lára mi bí iṣẹ́ tó gba ọwọ́ méjì kọjá. Ṣùgbọ́n ìrírí mi nìyẹn lórí ohun tí mo rí. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ní ti fíìmù tí Chapman ò bá parí, kò sẹ́nì kan nínú wa tó rí erin, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rí ìrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fíìmù náà fi dára jù lọ nílé ayé. Kò ní ibi tó ń falẹ̀, kò ní àwàdà tó kú, torí pé a ò tíì ṣe é. Kò sí fíìmù tí ènìyàn wò rí tó lè bá irú rẹ̀ du ipò.

Ohun tó burú jù nínú ìpín ogún yìí ni ohun tó ṣe sí Chapman fúnra rẹ̀. Lóṣù Ògún ọdún 2012, ó kọ̀wé sí New York Times. Ó sọ níbẹ̀ pé òun ló dá ìtàn náà, pé ara òun gẹ́gẹ́ bí obìnrin àti bí ìyá ló ti wá, àti pé bí wọ́n ṣe gbà á, tí wọ́n sì fún ẹlòmíì, ẹni náà sì tún wá jẹ́ ọkùnrin, ba òun lọ́kàn jẹ́ gidi. Kò fi bò. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ kan náà, ó ní ohun tí òun ní lọ́kàn hàn nínú fíìmù tó jáde. Ẹ tún un kà. Obìnrin náà ní fíìmù òun ni. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ló ń sọ pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú omijé lójú.

Ṣé kí a wá dákẹ́ ni? Rárá o. Ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti yà sọ́tọ̀ kọ́ nìyẹn. Mo kàn rò pé a ń bínú síbi tí kò sí nǹkan kan láti gbà.

Ẹ wo Ratatouille. Jan Pinkava ló dá ìtàn eku tó fẹ́ jẹ́ kúùkù ní Paris. Ó ti gba Oscar rí fún fíìmù kúkúrú Geri's Game. Ní 2005 wọ́n gba Ratatouille lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Brad Bird, tó ti ṣe The Incredibles. Fíìmù náà jáde ní 2007, ó dùn bí ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún, ó sì gba Oscar fíìmù kátúùnù tó dára jù lọ. Orúkọ Bird nìkan ni wọ́n pè. Pinkava ti kúrò ní Pixar nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú fíìmù gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùdarí àti ọ̀kan nínú àwọn tó ni ìtàn, ṣùgbọ́n ère Oscar yẹn ò kàn án. Mélòó nínú wa tó fẹ́ràn fíìmù yẹn ló mọ orúkọ rẹ̀? Èmi ò mọ̀ ọ́n títí di ìgbà tí mo ń wá ohun tí n ó kọ síbí. Ariwo àwọn olólùfẹ́ kò tó nǹkan lórí rẹ̀, torí pé fíìmù tó dé iwájú wọn dùn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti "fíìmù wo ni ì bá dùn jù," a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan du Pinkava. Èmi ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mi ò fi gbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìwé kíkà. Ní ọdún kejì mi, mo kọ eré kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ kan. Ìtàn ìyá mi àgbà ni, bó ṣe ta gèlè ìgbéyàwó rẹ̀ kó lè san owó ilé-ìwé bàbá mi. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí n fi eré náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti darí, pé mò ń fà á gùn. Lóòótọ́, mò ń fà á gùn. Ẹni tó gbà á gé ìran méjì kúrò, ó fi ìlù sí ìbẹ̀rẹ̀, eré náà sì dùn. Èmi náà wà láàárín òǹwòran, mo rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí dé egungun ni bébà tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó darí eré wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ya àwọn aga wà níbẹ̀. Mo kà á síwá, mo kà á sẹ́yìn. Mo ṣì ní bébà náà lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo wo fídíò alẹ́ Oscar oṣù Èrèlè ọdún 2013, ohun kan ni mò ń wò. Wọ́n ní Brave ló borí, ó yẹ Wreck-It Ralph sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gbà á. Mark Andrews dìde nínú kílìtì, yẹ̀rì onílà tí àwọn ọkùnrin Scotland ń wọ̀. Brenda Chapman dìde pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gòkè, àwọn méjèèjì ni wọ́n fún ní ère, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ère yẹn. Ohun tó mú kí ìyẹn ṣeé ṣe ni pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n kọ "olùdarí" sí nínú fíìmù, lẹ́yìn ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti ní kó kúrò. Pinkava ò ní ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré lórí ojú fíìmù, "igbákejì" tó ṣáájú orúkọ ọ̀kan, tí kò sí níwájú ti èkejì, ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ lè pariwo lé lórí kí ariwo náà sì dé ibi kan: orúkọ ta ló wà níbẹ̀, níbo ló wà?

Ariwo àwọn olólùfẹ́ sì dé ibi kan lóòótọ́, ní ọdún yẹn kan náà. Disney, tó ti ra Pixar láti 2006, fẹ́ fi Merida kún àwọn ọmọ ọba obìnrin tó ń tà lára aṣọ àti ọmọláńgidi. Wọ́n ṣètò ayẹyẹ ìgbadé fún un lóṣù Èbìbí ọdún 2013. Àwòrán tuntun jáde: ìbàdí rẹ̀ ti tín-ín-rín, irun rẹ̀ ti tẹrí ba, aṣọ rẹ̀ ń dán, ó sì fi èjìká sílẹ̀ gbangba. Ọrun àti ọfà ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó fi odindi fíìmù sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò fẹ́ jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi àwòrán kan ṣoṣo jókòó ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ A Mighty Girl gbé ìwé ẹ̀hónú jáde, àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 200,000. Chapman náà jáde, ó bá Disney wí ní gbangba, kò sì fi ohùn kékeré sọ ọ́. Disney wá ń ṣàlàyé pé àwòrán yẹn kàn wà fún ayẹyẹ náà ni, pé Merida ṣì ni Merida. Wọn ò kó ọjà tuntun náà dà sígbó o, ẹ má jẹ́ ká ń purọ́ fúnra wa. Ṣùgbọ́n ní 2018, nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ ọba obìnrin Disney pàdé nínú Ralph Breaks the Internet, Merida onírun rúdurùdu tí a mọ̀ ló wọlé, ó sì ń sọ èdè Scotland débi pé àwọn yòókù ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀hónú méjèèjì. Ti 2010 ń bèèrè fún fíìmù tí kò sí. Ti 2013 tọ́ka sí ìbàdí, ó tọ́ka sí irun, ó tọ́ka sí ọfà tó sọ nù, ó ní: ẹ dá èyí padà. Ohun tí gbogbo ènìyàn fi ojú rí ni, Disney ò sì lè fi "èrò ò bára mu" bò ó. Ó sì ní ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé àdéhùn, Disney ló ni Merida, láti irun dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù níbẹ̀, ohun tó bá dá, ti ilé-iṣẹ́ ni. Chapman ò ní ìwé kankan tó lè fi bá wọn ṣẹjọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀, òun ni àwọn oníròyìn lọ bá láti bi pé ṣé Merida nìyí. Wọn ò lọ bá ẹni tó ni ìwé.

Ó wá ku Elio, àti ọ̀rẹ́ mi. Nínú ìtàn tí òun sọ, ọlọ́wọ́ agbára ló gba fíìmù lọ́wọ́ aláìlágbára, bíi ti Brave gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé e fún. Domee Shi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dá nìkan darí fíìmù gígùn ní Pixar, ìyẹn Turning Red, ní 2022, ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn Brave. Ẹ sì tún wo ohun tí ìyẹn dá lé: ìyá àti ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì di ẹranko onírun. Ọ̀nà tí wọ́n ti Chapman kúrò lójú ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí gbà wọlé. Òun náà ni wọ́n wá ní kó wá gba fíìmù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe máa fi ìyẹn ṣe ìtàn ìkà àti olóore.

Àti fíìmù tí Molina ò parí yẹn? Ìròyìn kan náà tí ọ̀rẹ́ mi kà fún wa sọ pé wọ́n fi fíìmù náà han àwọn òǹwòran kan ní Arizona. Wọ́n gbádùn rẹ̀. Wọ́n wá bi wọ́n pé ta ló máa fi owó ara rẹ̀ lọ wò ó ní sinimá, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò ka ibi yẹn sókè. Èmi náà ò ní í sọ pé ìyẹn dá ẹjọ́ náà, torí pé ohun tó dára kì í fi gbogbo ìgbà tà. Bí wọ́n bá sì yọ irú ẹni tí ọmọ kan jẹ́ kúrò lára rẹ̀ nítorí ẹ̀rù ọjà, ìyẹn tó bínú sí, ẹni yòówù kó jẹ́ olùdarí. Ìbéèrè tó yẹ kí a gbé lọ bá Pixar ni pé kí ni ẹ yọ, ta ló ní kí ẹ yọ ọ́? Wọ́n lè dáhùn ìyẹn. "Ẹ fún wa ní ti Molina" kò ní ìdáhùn.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹjọ́ mi ti pọ̀ jù, pé ṣé mo lè gbà á lórí ohun kan. Mo ní kí ni. Ó ṣí laptop, ó fa Elio lọ sí ìparí pátápátá, síbi tí a kì í wò, tí a máa ń pa á. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn tó darí fíìmù náà sí. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Madeline Sharafian, Domee Shi, Adrian Molina. Ó dá a dúró, ó yà á ní fọ́tò, ó sì fi sí status rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀.